Kí Ni Ọmọ Fúnra Rẹ̀ Máa Ṣe? Ìtọ́sọ́nà fún Òbí Tó Fẹ́ Ra Ohun Ìṣeré Ẹlẹ́rọ

Iṣẹ́ rédíóníkì ni mo ń ṣe ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni mo fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ láti ọdún mélòó kan wá, bí ọdún Kérésì bá ti kọjá bí ọ̀sẹ̀ méjì, ohun ìṣeré ọmọdé ló máa ń kún orí tábìlì mi. Róbọ́ọ̀tì tí kò rìn mọ́, bèbí tó ń sọ̀rọ̀ tí ohùn rẹ̀ ti há, tábúlẹ́ẹ̀tì tí ojú rẹ̀ ti fọ́, mọ́tò onírìmóòtù tó jóná nítorí pé wọ́n ki ṣájà Amẹ́ríkà bọ iná wa. Owó gidi ni wọ́n fi ra púpọ̀ nínú wọn. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé wọn wá kì bá tí rà wọ́n rárá, ká ní ẹnì kan ti bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó sanwó. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn.

Ìbéèrè kan ló wà nídìí gbogbo rẹ̀: kí ni ọmọ fúnra rẹ̀ máa fi nǹkan yìí ṣe? Ọlọ́jà á sọ fún yín pé ó ń kọrin, ó ń jó, iná rẹ̀ ní àwọ̀ méje. Iṣẹ́ ẹ̀rọ nìyẹn. Iṣẹ́ ọmọ ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé kí ọmọ kàn tẹ bọ́tìnnì kan, kó jókòó, kó máa wò ó ni, ọjọ́ mẹ́ta ni yóò fi bá a ṣeré. Tó bá di ọjọ́ kẹrin, á padà sídìí ìdérí ìkòkò tó ti ń lù tẹ́lẹ̀.

1. Ẹ wo ọmọ kí ẹ tó wo ọjà

Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ fi ọjọ́ bíi mélòó kan wo ohun tí ọmọ ń ṣe nígbà tí ẹnikẹ́ni kò darí rẹ̀. Ọmọ kan wà tó jẹ́ pé títú ni iṣẹ́ rẹ̀: tọ́ọ̀ṣì, aago, rìmóòtù, kò sí èyí tí kò ní tú wò. Òmíràn ń to agolo mílíìkì lé ara wọn títí wọn yóò fi wó. Òmíràn kò mọ̀ ju kó máa bèèrè ìdí tí òjò fi ń rọ̀. Ohun tí ẹ bá rí yìí ni kí ẹ rà sí. Ọmọ tó ń tú nǹkan, ẹ ra ohun tó ṣeé tú tó sì ṣeé tò padà fún un, irú àwọn tí wọ́n fi wáyà, gílóòbù àti mọ́tọ̀ kékeré kọ́ ọmọdé bí iná ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tó fẹ́ràn ìtàn, róbọ́ọ̀tì lè máà jọ ọ́ lójú rárá.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ọjọ́ orí tí wọ́n kọ sára páálí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu òbí tí kò níye pé, "Ọmọ tèmi gbọ́n ju ọjọ́ orí ẹ̀ lọ." Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òbìrípo pupa tó ní ojú ọmọ nínú, tí wọ́n fi ìlà dábùú rẹ̀, tí wọ́n sì kọ 0-3 sí, kò sọ nǹkan kan nípa làákàyè. Ó ń sọ pé nǹkan kéékèèké wà níbẹ̀ tó lè há ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta lọ́fun. Ọgbọ́n ọmọ kò mú kí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fẹ̀ sí i. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò nílé, ẹ mú páálí róbótó tó máa ń kù bí tíṣù ilé ìyàgbẹ́ bá tán. Ohunkóhun tó bá gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ má fi sọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì pé mẹ́ta.

Ní ti ohun tó ní ojú bíi tẹlifíṣọ̀n, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ̀rọ̀ wọn ní ọdún 2019: ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, kí wọ́n má jókòó ti irú rẹ̀ rárá, láti ọdún méjì sí mẹ́rin, kó má ju wákàtí kan lọ lóòjọ́, bó bá sì dín sí ìyẹn, ó sàn jù. Nítorí náà, ẹni tó bá ń tà "tábúlẹ́ẹ̀tì ọmọ oṣù mẹ́fà" fún yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ kọjá.

2. Ẹ bèèrè ẹnu ta ni yóò máa sọ̀rọ̀

Èyí ló ká mi lára jù. Onímọ̀ kan ní Yunifásítì Northern Arizona, Anna Sosa, ṣe ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn JAMA Pediatrics ní ọdún 2016. Òbí 26 ni, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín oṣù 10 sí 16. Wọ́n kó ohun ìṣeré oníbátìrì tó ń sọ̀rọ̀ fún wọn, wọ́n kó ohun ìṣeré lásán bíi ohun ìtòlérawọn, wọ́n sì kó ìwé àwòrán. Nígbà tí ohun ìṣeré tó ń sọ̀rọ̀ wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu òbí dín kù, ohùn ọmọ náà dín kù. Ìwé ni ọ̀rọ̀ pọ̀ nídìí rẹ̀ jù.

Ó yé mi, torí mo ti rí i. Bí ẹ̀rọ bá ti gba ẹnu yín, ẹ ó dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ń sọ. Ọmọ Mọ́kọ́lá á wá máa ka àwọ̀ àti ẹranko bí ọmọ ilé Amẹ́ríkà, kò sì ní mọ ohun tí wọ́n ń pè ní òkété. Nítorí náà, ẹ bá mi wá bọ́tìnnì tó ń pa ohùn rẹ̀. Bí ó bá pa, tí ohun ìṣeré náà ṣì wúlò, ó dáa. Bí kò bá sí nǹkan kan tó kù lẹ́yìn ohùn, ẹ fi í sílẹ̀.

Àwọn ẹ̀rọ kan wà tó jẹ́ pé ohùn tiyín ni wọ́n ń gbà sínú, ìyẹn ni mo fẹ́ràn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní London ra Yoto fún ọmọ rẹ̀. Àpótí kékeré ni, kò ní kámẹ́rà, bí ọmọ bá ki káàdì bọ̀ ọ́, ìtàn á bẹ̀rẹ̀. Káàdì òfìfo wà tí ènìyàn lè fi ohùn tirẹ̀ sí. Ìyá wa jókòó ní Ọ̀yọ́, wọ́n sọ àlọ́ ìjàpá mẹ́fà sórí fóònù, ẹ̀gbọ́n mi sì kó wọn sínú káàdì. Ọmọ náà kò tíì dé Nàìjíríà rí, ṣùgbọ́n bó bá ti gbọ́ "Ààlọ́ o!", á dáhùn "Ààlọ̀!" láti inú yàrá. Toniebox, irú àpótí bẹ́ẹ̀ ti àwọn ará Jámánì, náà ní ère kan tó gba ohùn tó tó 90 ìṣẹ́jú. Àwa tá a wà nílé, a kò nílò kí owó tó bẹ́ẹ̀ lọ. Rédíò kékeré tó ń gba mẹ́mọ́rì káàdì, irú èyí tí àwọn bàbá fi ń gbọ́ wáàsí àti ewì, á ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ gba àlọ́ sórí mẹ́mọ́rì, ẹ lẹ bébà aláwọ̀ mọ́ bọ́tìnnì tí ọmọ yóò máa tẹ̀, ó parí.

3. Ẹ yẹ bátìrì wò ju gbogbo ohun mìíràn lọ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fò ibí yìí. Bátìrì pẹlẹbẹ tó dà bí owó ẹyọ ló ń já mi láyà jù nínú iṣẹ́ mi. Èyí tí wọ́n ń kọ CR2032 sí lára fẹ̀ tó 20 mìlímítà, agbára rẹ̀ sì jẹ́ fólítì 3. Irú bátìrì pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀ wà nínú rìmóòtù tẹ́ẹ́rẹ́, nínú káàdì ọjọ́ ìbí tó ń kọrin, nínú àbẹ́là oníbátìrì, nínú ọ̀pọ̀ ohun ìṣeré tó ń tàn wìnnìwìnnì. Bí ọmọ bá gbé e mì tó sì há sí ọ̀nà ọ̀fun, itọ́ ló máa so ojú méjèèjì rẹ̀ pọ̀ bí wáyà. Iná á máa kọjá, omi tó ń jẹran bí ọṣẹ líle á máa yọ níbẹ̀, láàárín wákàtí méjì ó lè ti jó ẹran ọ̀fun wọnú. Bátìrì tó ti kú nínú rìmóòtù pàápàá ṣì ní agbára tó lè ṣe é. Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́.

Ní ọdún 2022, Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tí wọ́n ń pè ní Reese's Law, orúkọ ọmọ kékeré kan tó gbé irú bátìrì bẹ́ẹ̀ mì tó sì kú ní ọdún 2020 ni wọ́n fi sọ ọ́. Òfin náà ní kí ilé bátìrì le débi tí ọwọ́ ọmọdé kò ní lè ṣí i. Èyí tí ẹ óò yẹ̀ wò lọ́jà náà nìyẹn: ẹ yí ohun ìṣeré náà dojú bolẹ̀, kí ẹ rí i pé súkúrù ló dè é, kì í ṣe ìdérí tí èékánná lè já. Ẹ fi èékánná yín gbìyànjú rẹ̀ níbẹ̀. Ìyá kan gbé rìmóòtù wá bá mi nígbà kan, ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀ ti sọnù, sẹ́lótéèpù ni wọ́n fi dè é. Ọmọ ọdún kan ààbọ̀ ló gbé sẹ́yìn, ọmọ náà sì di rìmóòtù náà mú, ó ń fi ẹnu tú sẹ́lótéèpù. Mi ò gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ náà. Bátìrì yẹn ni mo gbà.

Bí ẹ bá tiẹ̀ kàn fura pé ọmọ ti gbé e mì, ẹ má dúró wo bóyá á yàgbẹ́ rẹ̀. Ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ X-ray ni kí ẹ sáré gbé e lọ, lójú ẹsẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó bì, ẹ má fún un ní oúnjẹ. Bí ọmọ bá ti ju oṣù 12 lọ, tí kò sì tíì ju wákàtí 12 lọ tó gbé e mì, tí oyin wà nítòsí, ẹ fún un ní ṣíbí ìpotíì méjì, ẹ tún un ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ, lójú ọ̀nà ni kí ẹ ti máa ṣe é. Oyin ń dín bí ó ṣe ń jó kù, kò rọ́pò dókítà. Bí oyin kò bá sí nílé, ẹ má yà sọ́jà torí rẹ̀. Itọ́ tó ń dà, ikọ́, kíkọ̀ oúnjẹ lè jẹ́ àmì, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ lè máa ṣeré lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Òòfà kéékèèké tó lágbára náà wà níbẹ̀, àwọn rogodo dídán tí wọ́n ń fi mọ nǹkan. Bí ọmọ bá gbé méjì mì, wọ́n á wá ara wọn láàárín ìfun, wọ́n á sì lu ìfun já. Ilé tí ọmọ kékeré wà, ẹ má gbé e wọ̀ ọ́, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti dàgbà bá tilẹ̀ ń sunkún rẹ̀.

Bátìrì tó ń gba iná padà, èyí tí wọ́n kàn mọ́ inú, kó máa gba iná lójú yín ni. Kì í ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe lábẹ́ ìrọ̀rí. Bí ẹ bá rí i pé ikùn rẹ̀ ń wú, ẹ yọ ọ́ nínú iná, ẹ má lò ó mọ́.

4. Ẹ ka ẹ̀yìn ṣájà

Ẹ̀bùn tó ń ti Amẹ́ríkà wá ló ń fún mi níṣẹ́ jù. Iná tiwọn jẹ́ fólítì 120, tiwa jẹ́ 230. Lẹ́tà wínníwínní wà lẹ́yìn ṣájà. Bí wọ́n bá kọ 100-240V síbi tó ti ń gba iná, ẹ lè fi í sínú iná wa láìbẹ̀rù, kìkì pé kí ẹ wá ohun tí yóò jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa. Bí 120V nìkan ló bá wà níbẹ̀, á jóná ní ìṣẹ́jú tí ẹ bá fi í sínú iná wa. Èyí tó ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù wá kì í ní wàhálà yìí, iná wọn àti tiwa jọ ń ṣe déédéé.

Èyí tó ń gba iná láti ẹnu USB ni kí ẹ yàn bí ẹ bá láǹfààní rẹ̀, torí páwà báǹkì àti sólà lè bọ́ ọ nígbà tí NEPA bá mú iná lọ. Bó bá jẹ́ bátìrì tọ́ọ̀ṣì ló ń lò, ẹ ka iye rẹ̀. Mọ́tò tó ń jẹ bátìrì mẹ́fà lọ́sẹ̀ kan, kò ní pẹ́ tí owó bátìrì rẹ̀ á fi ju owó tí ẹ fi rà á lọ.

5. Ẹ pa dátà, kí ẹ wo ohun tó kù

Kí ẹ tó sanwó, ẹ sọ fún ọlọ́jà pé kó tan ohun ìṣeré náà láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá lè ṣe nǹkan kan, yíyá lẹ yá a. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, Embodied, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ṣe róbọ́ọ̀tì Moxie, kéde pé owó ti tán, àwọn fẹ́ kógbá sílé. Dọ́là 799 ni wọ́n ń ta róbọ́ọ̀tì yẹn, ọmọdé ló sì wà fún, kó máa bá wọn sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ kò sí nínú ilé ẹni tó rà á, inú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà ló wà. Àwọn òbí ní láti wá ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi ṣàlàyé fún ọmọ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ dákẹ́.

Ẹ fi èyí wé micro:bit, bọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ tí BBC pín fún àwọn ọmọ iléèwé ní Ìlú Ọba ní ọdún 2016. Iná kéékèèké 25 ló wà lójú rẹ̀, bọ́tìnnì méjì, bátìrì tín-ín-rín méjì ló ń gbé e. Ọmọ á kọ àṣẹ fún un lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù, tó bá ti wọlé tán, á máa ṣiṣẹ́ lọ bí ìlú gbogbo tilẹ̀ ṣókùnkùn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ti lè kàwé, tí àgbàlagbà kan wà nítòsí rẹ̀, irú èyí ni mo máa ń ní kí wọ́n rà. Bí owó kò bá sí, Scratch, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ní yunifásítì MIT fún ọmọdé láti máa fi kọ àṣẹ, kò gba kọ́bọ̀, ó sì ní èyí tí ẹ lè gbé sórí kọ̀ǹpútà kó máa ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan nínú ilé pẹ̀lú Scratch sàn ju róbọ́ọ̀tì tuntun mẹ́ta tó ń jó.

6. Bó bá ní etí tàbí ojú, ẹ wádìí rẹ̀ bí ẹ ṣe ń wádìí ọmọ ọ̀dọ̀

Ní oṣù Kejì ọdún 2017, ìjọba Jámánì fòfin de bèbí kan tí wọ́n ń pè ní My Friend Cayla. Bluetooth rẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí lè fi fóònù wọ inú rẹ̀, kó máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú ilé, kó sì máa bá ọmọ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ohun èlò amí ni, wọ́n sì ní kí àwọn òbí bà á jẹ́. Lópin ọdún yẹn kan náà, wọ́n tún fòfin de aago ọwọ́ ọmọdé tó ń jẹ́ kí òbí máa tẹ́tí sí kíláàsì láìjẹ́ pé olùkọ́ mọ̀. Ṣáájú ìyẹn, ní 2015, olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ti wọ ilé-iṣẹ́ VTech tó ń ṣe ohun ìṣeré ẹlẹ́rọ, àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà ló sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Èyí tó dé báyìí ni béárì àti bèbí tó ń fi ọpọlọ ẹ̀rọ dáhùn, tí ẹnikẹ́ni kò kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ẹgbẹ́ PIRG tó ń jà fún àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà dán béárì Kumma ti FoloToy wò, wọ́n sì rí i pé ó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀, ó sì ń sọ ibi tí wọ́n ti lè rí ọ̀bẹ. Ilé-iṣẹ́ náà dáwọ́ títà á dúró nígbà náà. Èrò tèmi ni pé kí ọmọ tí kò tíì lè mọ ìyàtọ̀ ènìyàn àti ẹ̀rọ má ní irú rẹ̀ rárá.

Bí ẹ bá fẹ́ ra èyí tó ní gbohùngbohùn tàbí kámẹ́rà síbẹ̀, ẹ rí i pé bọ́tìnnì wà tí ẹ lè fi pa á. Ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá a wá. Nínú áàpù rẹ̀, ẹ má kọ orúkọ ọmọ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, ẹ má kọ orúkọ iléèwé, ẹ má fi fọ́tò rẹ̀ sí i. Orúkọ oríkì rẹ̀ tó. Òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ní kí wọ́n gba àṣẹ òbí kí wọ́n tó kó ọ̀rọ̀ ọmọdé. Áàpù tí kò bá bi yín léèrè rárá pé ọmọ ta ni, ẹ yọ ọ́.

7. Nínú ṣọ́ọ̀bù

Ìbáà jẹ́ Dùgbẹ̀, ìbáà jẹ́ Kọ̀ǹpútà Fíléèjì n'Íkẹjà, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú páálí lójú yín. Ẹ mú bátìrì dání láti ilé. Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì. Ẹ gbé e sétí ara yín, torí ọmọ á gbé e sétí. Bó bá dùn yín, ó ti pariwo jù. Ẹ mì í, kí ẹ gbọ́ bóyá nǹkan ti já nínú rẹ̀. Ẹ gbóòórùn ike rẹ̀, bó bá ń ta sí imú bí kẹ́míkà, ẹ dá a padà. Ẹ gba rìsíìtì.

8. Kí ọmọ tó rí i

Ẹ má gbé páálí tí wọ́n fi ọ̀já dì fún ọmọ láìtíì ṣí i. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, nígbà tó bá sùn, ẹ yọ ọ́, ẹ fún un níná, ẹ gbé áàpù rẹ̀ wọlé, ẹ jẹ́ kó ṣe gbogbo ìmúdójúùwọ̀n tó fẹ́ ṣe. Bó bá jẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì Android, ẹ fi áàpù Family Link ti Google sí i, kí ẹ dá iye wákàtí àti àkókò tí yóò pa fún un. Ọmọ kì í bínú sí òfin tó bá nílẹ̀. Èyí tí ẹ bá gbé dé lẹ́yìn oṣù kan ni yóò sunkún lé lórí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ jókòó tì í. Ẹ jẹ́ kó ṣìṣe. Ọwọ́ yín á fẹ́ gbà á láti fi bó ṣe yẹ hàn án. Ẹ fi ọwọ́ sábẹ́ itan.

9. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì

Ẹ má tíì ju páálí nù títí di ìgbà yìí. Ẹ wò ó bóyá ọmọ ti rí ohun tuntun tí wọn kò kọ sínú ìwé ìtọ́nisọ́nà: bóyá ó ti sọ mọ́tò di ọkọ̀ akérò, tó ti fi róbọ́ọ̀tì ṣe ọba, tó ti fi ohùn rẹ̀ rọ́pò ohùn ìyá àgbà nínú rédíò. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ rà á re. Bí kò bá yà sí i mọ́, ẹ gbé e pamọ́ fún oṣù méjì kí ẹ tún mú un jáde, nígbà mìíràn ọmọ ni kò tíì tó o. Èyí tó bá bàjẹ́ pátápátá, ẹ yọ bátìrì rẹ̀ kí ẹ tó jù ú nù, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù bo ojú méjèèjì bátìrì náà, kí ẹ sì gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọ kò ní tó títí ẹ ó fi rí ẹni tó ń gbà wọ́n. Ẹ lè mú un wá bá rédíóníkì àdúgbò yín náà. Èmi ń gbà wọ́n, agolo kan wà lókè sẹ́ẹ́fù mi tí mo ń kó wọn sí.